Abọ́ Omi Méjì Lórí Ẹní

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ kékeré ni kéèyàn jókòó ti ọmọ ọdún méjì nínú ilé, kí onítọ̀hún wá gbà á ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta péré, lẹ́yìn tó bá ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Bàbá Aláyọ́ọ̀nù kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Láràárọ̀, kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní láti kọ́kọ́ bẹ orúnkún ọ̀tún, kó bẹ tòsì, kó wá bẹ ẹ̀yìn, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fẹnu kò láti gbé e dúró. Nígbà tó bá fi dúró tán, Ọ̀gá á ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, á máa wò ó bí ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọ̀gá ni ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá, nítorí pé kì í sọ̀rọ̀, àṣẹ nìkan ló ń pa. Á na ìka sí nǹkan, á ní "ẹ́n", ẹni tó bá sì fẹ́ kí ilé tòrò á yáa gbé nǹkan náà wá. "Ẹ́n" yìí ló fi ń bèèrè omi, òun ló fi ń bèèrè búrẹ́dì, òun náà ló fi ń lé ológbò aládùúgbò kúrò lójú fèrèsé. Yàtọ̀ sí i, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀, kò pe màmá, kò pe bàbá.

Orúkọ Bàbá Aláyọ́ọ̀nù náà, ibi iṣẹ́ ló ti gbà á. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi lọ aṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé ìtura ńlá kan, níbi tí oòrùn kì í dé, tí ooru áyọ́ọ̀nù sì ń ṣiṣẹ́ oòrùn. Ó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń lọ aṣọ tábìlì, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn àlejò tí kò mọ̀ pé ẹnì kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tó mọ ọrùn aṣọ wọn ju ìyàwó wọn lọ. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù kò tíì ní iná kékeré tó ń sọ bó ṣe gbóná tó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Èèyàn á fi itọ́ kan ìka, á fi ìka náà kan abẹ́ áyọ́ọ̀nù, á sì tẹ́tí. Tó bá dún ṣáà, ó tó fún aṣọ òwú. Tó bá pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ba sílíkì jẹ́. Àwọn yòókù á ti fa ọwọ́ wọn yọ kíá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ á dúró síbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń kí èèyàn. Òun ni gbogbo wọn wá ń pè láti bá wọn wò ó. Wọ́n ní ọwọ́ Bàbá Aláyọ́ọ̀nù kì í parọ́, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni wọ́n á yìn tí kò ní gbà?

Ó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún kejì, ó wá ku òun nìkan nínú yàrá kan ní apá kejì ìlú. Ká má parọ́, kò sí ohun tó ṣe yàrá náà. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, òrùlé rẹ̀ kò jò. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan á parí tó jẹ́ pé rédíò nìkan ló bá a sọ̀rọ̀, rédíò kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Nígbà tí Ọ̀gá pé oṣù mẹ́fà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, tó ní kí bàbá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí bàbá fi ń wá àpò tó máa kó aṣọ sí. Kò fi yàrá náà sílẹ̀ pátápátá, ó kàn tì í ni, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

Ìyá Ọ̀gá ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ibi tí wọ́n ti ń di oògùn sínú páálí ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ń jáde láago mẹ́fà àárọ̀, ó ń wọlé bí aago méje bá ku díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lókè òkun. Ojú fóònù ni Ọ̀gá ti mọ baba rẹ̀. Á fẹnu ko fóònù náà, á sì fi itọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kan ni Ìyá Ọ̀gá gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì bi í léèrè pé ọ̀rọ̀ mélòó ló ti ń sọ. Ó ní kò tíì sí. Nọ́ọ̀sì yẹ etí ọmọ wò, ó pè é láti ẹ̀yìn, ọmọ yíjú. Etí rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ó ní kí ó má fòyà, àwọn ọmọ mìíràn a máa pẹ́. Ó wá bèèrè ohun tí ọmọ máa ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

"Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló máa ń wà," Ìyá Ọ̀gá dá a lóhùn. "Wọ́n jọ máa ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Nọ́ọ̀sì ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó sì kọ nǹkan mẹ́rin sí i: ìrẹsì gbígbẹ nínú abọ́, ìyẹ̀fun, aṣọ oríṣiríṣi, omi tútù pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa fọwọ́ bà á, kó máa dà á, kó máa pò ó, kí àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa pe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà fún un. Kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá Ọ̀gá délé, ó fi bébà náà sórí tábìlì, ó jókòó, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Bàbá mi, wọ́n ní àyè ṣí ní jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa."

"Fún ọmọ ọdún méjì?"

"Wọ́n ń gba ọmọ oṣù mẹ́ta pàápàá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, òun náà á máa gbọ́. Ẹ̀yin náà á sì lè sinmi."

"Ṣé mo sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí ni?"

"Ẹ ò sọ ọ́. Ojú yín ló ń sọ ọ́."

Bàbá fọwọ́ nu ojú, bí ẹni pé ó lè nu àárẹ̀ ibẹ̀ kúrò. Ó ní ojú àgbà ni, bí ojú àgbà ṣe ń rí nìyẹn. Ìyá Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn fi oṣù náà dán an wò. Bí Ọ̀gá bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré kí oṣù tó parí, á dúró ti bàbá títí ọdún á fi parí. Bí kò bá sọ, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ lòun á mú un lọ síbẹ̀.

Ohun tí Ìyá Ọ̀gá kò fi kún un, tí kò sì wá sí i lọ́kàn rárá, ni ibi tí bàbá rẹ̀ máa wà bí ọmọ bá lọ. Àmọ́ bàbá ti rò ó kó tó gbé ife omi tó ń mu sílẹ̀. Àgbàlagbà tí kò ní ọmọ tó ń tọ́jú, kí ló ń ṣe nínú ilé onílé? Yóò padà sí yàrá rẹ̀ ni, kó lọ tan rédíò. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpò rẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Bó ṣe tún di ọmọ iléèwé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó bẹ orúnkún rẹ̀ títí wọ́n fi gbà kó jókòó, ó sì gbé abọ́ ìrẹsì síwájú Ọ̀gá.

"Ìrẹsì," ó ní.

"Ẹ́n," Ọ̀gá dáhùn, ó sì da abọ́ náà dé ara rẹ̀ lórí.

Ọjọ́ kìíní nìyẹn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ìrẹsì ti wà lábẹ́ fíríìjì, ó wà láàárín ìrọ̀rí àga, Ìyá Ọ̀gá sì rí i nínú bàtà iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Ó gbọn bàtà náà, ó wọ̀ ọ́, ó jáde. Ìyẹ̀fun tún burú ju ìrẹsì lọ, torí pé ìrẹsì ṣeé gbá, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí ọmọ bá ti fi omi sí tó sì fi pa ara ògiri, kò sí ìgbálẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ń nu ilé ìdáná. Ó ń nu ún lórí ìkúnlẹ̀, nítorí bó bá fi lè bẹ̀rẹ̀, kò dá a lójú pé òun á tún lè nàró.

Iṣẹ́ ẹnu tilẹ̀ wá nira fún un ju ti ẹ̀yìn lọ. Láàárín ẹ̀rọ tó ń ké láti àárọ̀ di alẹ́ ló ti lo ayé rẹ̀. Orí ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá mì í ti gbà, ẹni tó bá gbọ̀n ọ́n ti kọ̀. Ní báyìí, láago mẹ́jọ òwúrọ̀, òun ló ń sọ̀rọ̀ bí olóṣèlú. Ó le. Ó rọ̀. Ó gbẹ. Ó dán. Ó ń yọ̀. Èyí kún, èyí ṣófo. Wò ó, ó dà sílẹ̀. Tún dà á. Ọ̀gá á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á sì tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ń jẹun níwájú rẹ̀ tí wọn kò fún un jẹ. Tó bá di ọ̀sán, ohùn bàbá á ti há, ó sì máa ń rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé bóyá inú ọmọ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ń kó sí tí kò fẹ́ jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ló mú orí rẹ̀ wú díẹ̀. Ó ní àpò kan tó kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí àjákù aṣọ tí wọ́n fi ń dán áyọ́ọ̀nù wò kún inú rẹ̀. Sílíkì wà níbẹ̀, aṣọ òwú wà níbẹ̀, jíìnsì, aṣọ onírun àgùntàn, aṣọ ìnura, àti àrán pupa kan tí wọ́n gé lára kọ́tìnnì. Ó tẹ́ wọn sórí ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀gá mú àrán, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú. Ó tún fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fà á lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, ó tẹ́ ẹ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó wá dúró, ó ń wò ó lójú.

"Ó rọ̀," Bàbá ní.

Ó mọ̀ pé àrán máa ń rọ̀. Ó sọ ohun tó mọ̀.

Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí ni wọ́n tó kan omi. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ sún un síwájú ni, nítorí ilẹ̀ tó máa nù. Kò sùn dáadáa mọ́júmọ́ ọjọ́ náà. Ó ń ka ọjọ́, ó sì ń gbọ́ bí Ìyá Ọ̀gá ṣe ń wúkọ́ nínú yàrá kejì. Láàárọ̀, ara rẹ̀ wúwo. Ó gbé abọ́ ike méjì sórí ẹní. Ó bu omi ẹ̀rọ sí ọ̀kan. Ó se omi nínú kẹ́tùlù, ó dà á sínú ìkejì, ó fi omi tútù là á, ó wá fi orí ìka mẹ́ta kàn án. Ó tilẹ̀ tẹ́tí, bí ẹni pé omi náà á dún ṣáà. Ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Inú omi tútù ni Ọ̀gá kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀. Ó fà á yọ, ó rẹ́rìn-ín, ó tún tì í bọ̀ ọ́.

"Omi tútù," Bàbá ní. "Ó tutù. Ó yá, wo ìkejì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́."

Ọ̀gá ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Igbe tó ké kò jọ èyíkéyìí tí bàbá ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kì í ṣe igbe ìbínú, kì í ṣe igbe oorun. Bàbá gbé e, ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ inú omi tútù, ọmọ ń jà, ó ń fi ẹsẹ̀ ta abọ́ gbígbóná náà dà nù. Ọwọ́ méjèèjì ti pọ́n dé ọrùn ọwọ́. Bàbá kò rántí orúnkún, kò rántí ẹ̀yìn. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta, ó wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin olóògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé.

Olóògùn náà jẹ́ ẹni tí kì í kánjú. Ó na ọwọ́ ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i padà, ó wò ó láàárín ìka.

"Kò bó, kò sì lé," ó ní. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ tètè fi omi tútù sí i. Á pọ́n títí di ọ̀sán, á sì lọ. Ẹ máa fi èyí pa á. Tó bá lé ròrò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ló kàn án?"

"Omi."

"Ẹ ò kọ́kọ́ fọwọ́ wò ó ni, bàbá?"

"Mo fọwọ́ wò ó," Bàbá ní. "Kò gbóná."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wá wo ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá yíjú. Ó ń wo àwọn ìgò oògùn ikọ́, ó ń dúró kí ó bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Mọ kí ni? O ò tíì ṣe nǹkan kan."

Nígbà tó yíjú padà, ó rí i pé ẹnu gègé ni obìnrin náà fi ń tẹ orí ìka rẹ̀, ó sì ti fi àmì búlúù sí i níbi mẹ́rin. Ó béèrè iṣẹ́ tó ṣe. Bàbá sọ fún un. Ó mi orí, ó ní irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá ti ń fọwọ́ kan ohun gbígbóná fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara ibẹ̀ á yi, á sì kú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ mọ ọjọ́ tó kú. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn padà pẹ̀lú ọmọ lọ́rùn, ó ń sinmi ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn bá ti yà.

Ọ̀gá sùn. Bàbá nu omi ilẹ̀, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń wo ọwọ́ kékeré méjèèjì bí wọ́n ṣe ń kúrò ní pupa díẹ̀díẹ̀. Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ń wò ó. Ọwọ́ tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń ṣe òdiwọ̀n, ó ti ń purọ́ fún un láti ìgbà tí kò mọ̀. Nígbà tí ọmọ jí láago mẹ́ta ọ̀sán, kò sí àmì kankan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èèyàn á yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò ní rí nǹkan kan.

Ó po tíì kó lè rí nǹkan fi ti ara rẹ̀, ó gbé ife náà sórí tábìlì. Ọ̀gá sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ sí ooru tó ń jáde lórí ife náà, kò fọwọ́ kàn án, ó fa ọwọ́ náà padà sí àyà.

"Bóná," Ọ̀gá ní.

Bàbá rò pé inú orí òun ni ohùn náà ti wá.

"Kí lo sọ?"

Ọ̀gá na ìka sí ife, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́n. "Bóná."

Bàbá gbé e, ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé e yí tábìlì ká. Wọ́n tún padà sọ́dọ̀ ife, ọmọ tún sọ ọ́. Oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan ti jáde, ọ̀rọ̀ kan péré sì ni àdéhùn. Ó ti jókòó padà kó tó yé e. Bí Ìyá Ọ̀gá bá dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi í ni ibi tí ọmọ ti kọ́ ọ.

Ó ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ láti fi rò ó, ó sì rò ó. Tíì ni, ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe irọ́ tán. Ife tíì ni ọmọ na ìka sí. Ọwọ́ ọmọ mọ́ tónítóní. Olóògùn kò bá Ìyá Ọ̀gá rìn, wọn kì í rí ara wọn. Àwọn tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ta ló mọ ohun tí ọwọ́ tiwọn náà kò mọ̀? Gbogbo ẹjọ́ yìí ló rò fún ara rẹ̀, ó sì dá ara rẹ̀ láre nínú gbogbo wọn. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó sùn lọ lórí ìjókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, igbe ọmọ náà ló sì tún jí i, bẹ́ẹ̀ ọmọ kò ké. Ìrẹsì ló ń dà láti abọ́ sí abọ́, jẹ́jẹ́.

Ìyá Ọ̀gá wọlé bí aago méje ti ku díẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, Bàbá sì gbé oúnjẹ tó ti gbé kaná síwájú rẹ̀. Ọ̀gá sáré wá, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú kó má kan abọ́.

"Bóná."

Ìyá Ọ̀gá fa ọwọ́ kúrò nídìí abọ́. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ọmọ, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀.

"Tún un sọ. Kí lo sọ, ìyá mi?"

"Bóná."

Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó fi orí rẹ̀ sí i lọ́rùn, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó máa gbójú sókè, ojú tó ti ń pọ́n láti ọjọ́ yìí wá dà bí ojú ọmọdé. "Ẹ ṣeun, Bàbá mi," ó ní. "Ẹ ṣeun gan-an. Màá pè wọ́n lọ́la pé kò wá mọ́. Báwo lẹ ṣe kọ́ ọ?"

Ibi tó ń dúró dè láti ọ̀sán nìyẹn. Bàbá ṣí ẹnu láti sọ pé tíì ni.

"Mo jó o lọ́wọ́," ó ní.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ó di etí tábìlì mú. Ó sọ ti kẹ́tùlù, ó sọ ti ìka mẹ́ta, ó sọ ti olóògùn àti gègé rẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ kó rí àmì búlúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá Ọ̀gá gbé ọmọ síbi ìmọ́lẹ̀, ó yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò níwá-lẹ́yìn, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọmọ wọ balùwẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ó máa ń sọ pé ìgbà yẹn nìkan lòun ń fojú kan ọmọ òun.

Bàbá ń gbọ́ omi tó ń dà. Oúnjẹ tutù sórí tábìlì. Ó ń ronú bí òun ṣe máa sọ ọ́ láàárọ̀, pé òun fẹ́ lọ wo yàrá òun ná, kó lè dà bí ẹni pé òun ló wù.

"Bàbá mi, ẹ wá."

Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ọmọ wà nínú ọpọ́n omi, ó ń fi ike gbọ́n omi, Ìyá Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó kẹ́yìn sí i.

"Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń sunkún tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ mí kí n tó lọ síléèwé?"

Ó rántí dáadáa. Ìyá rẹ̀ máa ń tètè jáde nígbà náà, òun ló sì ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Àwọn aládùúgbò a máa bèèrè pé ta ló ń na ọmọ, òun náà á ní ẹnikẹ́ni ò nà án.

"Mo rántí. O ò fẹ́ràn omi."

"Mo fẹ́ràn omi, Bàbá mi."

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo máa ń sọ fún yín. Ẹ̀yin á fọwọ́ kàn án, ẹ á ní kò gbóná. Nígbà tó yá, mo gbà pé èmi ni mi ò lè fara da nǹkan."

Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Ọ̀gá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fà á mọ́ra títí òun náà fi kúnlẹ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bọ inú omi.

"Báwo ló ṣe rí?"

Ó mọ̀ ọ́n lára. Ó dúró díẹ̀ kó tó dáhùn, kó má baà ṣì í sọ.

"Ó lọ́wọ́ọ́wọ́."

"Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi wò ó," Ìyá Ọ̀gá ní. "Mi ò ní tètè dé lọ́la. Ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ ẹ́."